Ta ló ń san owó ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ò lè mí?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ nílùú Èkó, tó máa ń bí mi nínú: "Tó o bá mọ̀ pé ara ẹ ò le, kí lo wáṣẹ́ wá fún?" Àwọn tí wọ́n sábà máa ń sọ ọ́ sí ni àwọn tó ní ásímà, àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti gba eruku sára fún ọdún gbọọrọ, àwọn tó jẹ́ pé tí ọyẹ́ bá ti dé, ìjókòó ni wọ́n ń sùn mọ́jú.

Lónìí mo fẹ́ bá wa ka owó tó wà nídìí gbólóhùn yẹn. Owó ni wọ́n ń sọ, bí wọn ò tiẹ̀ pè é lówó. Wọ́n ń sọ pé ẹni tí èémí ń dà láàmú ń ná ilé iṣẹ́ lówó: ọjọ́ tí kò wá, owó oṣù tí wọ́n san lórí ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́, owó tí wọ́n máa san tó bá di pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá.

Èmi náà gbà pé owó yẹn wà. Àmọ́ nílẹ̀ wa níbí, ilé iṣẹ́ kọ́ ló ń san èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ àti ẹbí rẹ̀ ló ń san án. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ á gùn díẹ̀ o. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ilé iṣẹ́, tàbí ẹ̀yin lẹ̀ ń buwọ́ lu ìwé ìsinmi àwọn èèyàn, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ásímà kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìsàn ọmọdé nìkan. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń wú nínú, tó máa ń fún, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á tún wá dí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, sọ pé ní 2019, àwọn tó ní in káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 262, àwọn tó sì kú sí i lọ́dún yẹn nìkan tó 455,000. Púpọ̀ nínú ikú yẹn, àwọn orílẹ̀-èdè tí ọwọ́ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́nu ló ti ṣẹlẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè ní àìsàn náà kó má mọ orúkọ ẹ̀, tàbí kó mọ orúkọ ẹ̀ kó má rí oògùn ẹ̀ rà.

Èkejì ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní COPD. Èyí kì í wá kó tún lọ bíi ti ásímà. Ṣe ni ẹ̀dọ̀fóró ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ kì í padà sípò. Sìgá wà lára ohun tó ń fà á, ṣùgbọ́n èéfín igi ìdáná àti eruku ibi iṣẹ́ náà ń fà á. WHO ní ó pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.5 èèyàn ní 2021.

"Kí ló wá kan ilé iṣẹ́ nínú ìyẹn?" Ó kàn án dáadáa. Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹ̀dọ̀fóró ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù pawọ́ pọ̀ ṣàkójọ ìwádìí ọdún púpọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé tí a bá kó 100 èèyàn jọ tí àgbà ni ásímà ti bá wọn, nǹkan bíi 16 nínú wọn, ọwọ́ ibi iṣẹ́ wà nínú ẹ̀. Ti COPD, nǹkan bíi 14 nínú 100 ni.

Ẹ wo àyíká yín. Àwọn tó ń po fúláwà ní ilé búrẹ́dì ń fa fúláwà símú láti òru mọ́jú. Fúláwà yẹn wà lára ohun tí ayé ti mọ̀ tipẹ́ pé ó ń fa ásímà. Àwọn tó ń la gẹdú, irú iṣẹ́ tí a mọ Òkò Bàbá mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, eruku igi ni afẹ́fẹ́ wọn. Àwọn tó ń fín ọ̀dà sí mọ́tò, àwọn wẹ́dà, àwọn onídìrí tó ń po kẹ́míkà tó ń pa irun láró, àwọn tó ń da sìmẹ́ńtì sílẹ̀ ní ilé bílọ́ọ̀kù, àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ títì márosẹ̀ láàárọ̀ kùtù tí danfó ń tu èéfín sí wọn lójú. Ẹni tó wà nínú ọ́fíìsì náà ò bọ́: jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn fèrèsé, èéfín ẹ̀ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Èmi náà ní ásímà láti kékeré, nítorí náà mi ò sọ̀rọ̀ yìí bí àlejò. Àmọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Mo lè ṣí fèrèsé, mo lè kúrò níbi èéfín. Ẹni tó ń gbé àpò fúláwà sórí ò lè sọ fún fúláwà pé kó sún sẹ́yìn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka owó.

Ní àwọn ibi tí wọ́n ti máa ń ka owó yìí dáadáa, bíi Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ńlá máa ń pín in sọ́nà bíi mẹ́rin. Àkọ́kọ́, owó ìtọ́jú. Ìkejì, owó ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ò wá. Ìkẹta, owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí àìsàn dá dúró sílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan. Ìkẹrin, owó ẹni tí kò lè padà ṣiṣẹ́ mọ́. Ìgbà gbogbo tí wọ́n bá kà á, ohun tí wọ́n máa ń rí ni pé òṣìṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀fóró ń dà láàmú ń pa ọjọ́ jẹ ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, owó ẹ̀ sì máa ń ga. Kò sí ẹni tó ń jiyàn ìyẹn.

Ibi tó yẹ ká wò dáadáa ni ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá kà á tán. Tó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló ń san owó yẹn látinú àpò ara ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara ẹ̀ léèrè: kí ni mo lè ṣe kí ọ̀rọ̀ yìí dín kù? Á ra ẹ̀rọ tó ń fa eruku. Á gbé èèyàn kúrò níbi fúláwà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Á rí i pé oògùn wà. Owó tó ń dùn ún lápò ló ń kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Tí owó náà ò bá wá dùn ún rárá ńkọ́? Nìyẹn ni Nàìjíríà.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, abala 16, sọ pé òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún tí àìsàn ò bá jẹ́ kó wá, tí dókítà tó ní ìwé ẹ̀rí bá fọwọ́ sí i. Méjìlá. Lọ́dún odidi. Tó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀gá, iṣẹ́ àkọ́mọ̀ọ́ṣe tàbí iṣẹ́ alábòójútó lo ń ṣe, òfin yẹn ò tiẹ̀ kà ọ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ohun tó bá wà nínú ìwé àdéhùn ìwọ àti ilé iṣẹ́ ni wàá jẹ.

Ẹni tó bá ní ásímà mọ ohun tí ọjọ́ 12 jẹ́. Tó bá há ẹ lẹ́ẹ̀kan gidi, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ti lọ, torí lẹ́yìn tí àyà bá ṣí tán, ara á ṣì máa rẹ̀ ẹ́ bíi pé wọ́n nà ẹ́. Ọyẹ́ nìkan lè jẹ mẹ́fà níbẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ dé, eruku àti ọ̀rinrin pàdé, ó tún di mẹ́ta. Kó tó di oṣù Kẹfà, méjìlá ti fẹ́ parí.

Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Òfin yẹn ò fún ẹ ní kọ́bọ̀ mọ́. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹ pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 26, ó lé díẹ̀ ní ₦2,690 lọ́jọ́. Ẹni tó bá fi ọjọ́ márùn-ún kọjá méjìlá yẹn, tí wọ́n yọ ọ́, ti pàdánù ohun tó lé ní ₦13,000. Inú owó yìí náà ló ti máa ra oògùn. Inú ẹ̀ náà ló ti máa wọ mọ́tò lọ ọsibítù.

Ní ìlú ọba, níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa ń sá lọ, òfin ní kí ilé iṣẹ́ máa san owó àìsàn fún òṣìṣẹ́ tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 28. Owó náà ò pọ̀ o, àwọn tó ń gbà á níbẹ̀ ń kùn. Síbẹ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ 28 wé ọjọ́ 12.

Kí ni òṣìṣẹ́ tiwa máa wá ṣe? Á lọ síbi iṣẹ́ ni. Á lọ bẹ́ẹ̀, àyà ń sú fèrè. Á rọra máa gbé nǹkan, á máa sinmi lẹ́yìn ilé. Ó wà níbi iṣẹ́ lójú ìwé, ṣùgbọ́n ìdajì ara ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí, torí náà ọ̀gá á rò pé òun ò pàdánù nǹkan kan. Ó pàdánù. Búrẹ́dì tó jóná, igi tí wọ́n là wọ́, oníbàárà tí wọn ò dá lóhùn, ọmọ iṣẹ́ tuntun tí wọ́n tún ní láti kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá ṣubú. Owó ni gbogbo ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn tún wá fi iyọ̀ sí i. Inhaler aláwọ̀ búlúù tí gbogbo wa mọ̀, ó ń ṣí àyà fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Kò wo wíwú tó wà nínú ọ̀nà èémí. Èyí tó ń wò ó ni inhaler kejì, èyí tí èèyàn máa ń fà lójoojúmọ́ bóyá àyà há o, bóyá kò há. Láti 2019 ni àwọn tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ásímà fún gbogbo ayé, GINA, ti ní kí àgbàlagbà má gbára lé aláwọ̀ búlúù nìkan mọ́, torí ó lè jẹ́ kí ásímà tó le gan-an wá ká èèyàn mọ́ láìrò tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n èwo ni òṣìṣẹ́ lè rà? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, GSK kéde pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn ló ni Ventolin àti Seretide. Gbogbo ẹni tó ń lo inhaler nílùú yìí rántí àsìkò yẹn: à ń ti ilé oògùn kan bọ́ sí òmíràn, èyí tí a bá sì rí, owó ẹ̀ ti fò sókè. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra ìkan ṣoṣo tí apá wọn ká, aláwọ̀ búlúù yẹn náà, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ lò bí ẹni ń ṣọ́ kírẹ́díìtì orí fóònù. Ẹni tó ń ṣọ́ oògùn lò báyìí ni wọ́n máa gbé dìgbàdìgbà lọ ọsibítù. Òun náà ni ọ̀gá á sọ fún pé, "O ò wá lọ́jọ́ Tuesday."

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀gá ṣe ìṣirò yìí fúnra yín. Ẹ bi ilé oògùn tó wà nítòsí yín ní iye inhaler ìtọ́jú ti oṣù kan. Ẹ wá kọ iye tí ẹ̀ ń pàdánù lọ́jọ́ tí ẹni tó mọ iṣẹ́ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín ò bá wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹ má gba ẹnu mi gbọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní báyìí, apá tó ká mi lára jù.

Òfin kan wà nílẹ̀ yìí tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí: Òfin Owó Gbà-má-bìínú Òṣìṣẹ́ ti 2010. Àjọ NSITF ló ń bójú tó o. Ó ní kí ilé iṣẹ́ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, 1%, àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ sínú àpò kan. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Tí òṣìṣẹ́ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí iṣẹ́ náà bá kó àìsàn bá a, inú àpò yẹn ni wọ́n ti máa tọ́jú ẹ̀. Tó bá wá di pé kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé, owó tí yóò máa gbà lóṣooṣù jẹ́ 90% owó oṣù ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ₦70,000 ṣe é. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦700. Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà lóṣù lórí òṣìṣẹ́ kan. Kò tó owó onjẹ ọ̀sán kan mọ́ ní Èkó. Ilé iṣẹ́ tó ní 100 òṣìṣẹ́ báyìí máa dá ₦70,000 lóṣù, ìyẹn owó oṣù ẹnì kan ṣoṣo, láti fi dáàbò bo ọgọ́rùn-ún. Ní ìkejì ẹ̀, ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ bá bàjẹ́ pátápátá lẹ́nu iṣẹ́ á máa gba ₦63,000 lóṣù. Kò sọ ọ́ di olówó. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kó di ẹni tó ń tọrọ owó inhaler lórí ayélujára.

Àǹtí mi kan, àbúrò ìyá mi, fi ọdún mọ́kànlá ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan. Ìgbà tí wọ́n wọbẹ̀, wọn ò ní ásímà. Lọ́dún bíi keje ni ikọ́ òru bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti lo ọjọ́ mélòó kan nílé, á lọ sílẹ̀. Tí wọ́n bá padà síbi iṣẹ́, kó tó di ọjọ́ kẹta, àyà ti há. Ọdún tí a sin bàbá wọn, wọ́n lo ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ní Ìjẹ̀bú, wọn ò fa inhaler ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Dókítà gbọ́ ìtàn yẹn, ó ní, "Màmá, ibi iṣẹ́ yín ló ń ṣe yín báyìí."

Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ tí wọn ò lè lọ pé mẹ́tàdínlógún. Mánéjà pè wọ́n, ó fọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ gan-an ni: "Mà, ẹ lọ tọ́jú ara yín ná. Tó bá yá, a máa pè yín." Títí di òní, fóònù ò dún. Kò sí ìwé ìdádúró, kò sí ìwé ìfẹ̀yìntì, kò sí nǹkan kan. Ọdún mọ́kànlá parí lórí "a máa pè yín."

Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi tó ilé iṣẹ́ létí pé iṣẹ́ kó àìsàn bá òun. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ní ọjọ́ méje láti fi tó NSITF létí. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ọdún kan péré ni òfin fún ẹni tó fẹ́ béèrè owó yìí. Nígbà tí mo lọ béèrè bóyá ilé iṣẹ́ náà tiẹ̀ ń dáwó sí àpò yẹn, akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wò mí, ó ní, "Kí ni NSITF?"

Ọdún kan yẹn ti ku oṣù mẹ́rin. A ti ń kó ìwé jọ: ìwé dókítà, ìwé owó oṣù, orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá wa káàánú. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé aago ń lọ lórí ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí, tí wọn ò sì mọ̀ pé aago kankan wà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ.

"Àwọn òṣìṣẹ́ á máa purọ́." Àwọn kan á purọ́, lóòótọ́. Ẹni tí ò ní ìwúkọ́ á máa hú u. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí òfin fi ní kí dókítà fọwọ́ sí i. Ọ̀nà láti mọ òótọ́ ásímà ibi iṣẹ́ ò sì le. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní peak flow meter, èèyàn á kàn fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Òṣìṣẹ́ á máa fẹ́ ẹ nígbà mẹ́rin lójúmọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, á máa kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi. Tí nọ́ńbà ọjọ́ iṣẹ́ bá ń wálẹ̀ tí ti ọjọ́ ìsinmi ń gòkè, ìwé yẹn á sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ̀rọ náà ò béèrè iná, kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì.

"Ilé iṣẹ́ kékeré ni mo ní, apá mi ò ká a." Mo gbọ́. Epo wọ́n, iná ò sí, owó orí ń bọ̀ láti ọwọ́ mẹ́ta. Mi ò fojú kéré ẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń sọ ni ₦700 lórí ẹni tó ń gba ₦70,000. Òun gan-an ni kò ní jẹ́ kí ilé iṣẹ́ kékeré wọ gbèsè ńlá lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, torí àpò gbogbogbòò ló máa san án, kì í ṣe ìwọ nìkan. Ẹni tó ní ilé iṣẹ́ kékeré ló yẹ kó fẹ́ràn òfin yìí jù.

"Ṣé kì í ṣe pé ó ti ní ásímà kó tó dé?" Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí eruku ibi iṣẹ́ yín bá sọ ásímà kékeré di ńlá, eruku náà ṣì wà níbẹ̀. Òfin Ilé Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ilẹ̀ wa ti sọ tipẹ́ pé kí ilé iṣẹ́ ṣe gbogbo ohun tó bá ṣeé ṣe kí eruku àti èéfín tó lè ṣe òṣìṣẹ́ léṣe má bàa wọ̀ wọ́n nímú. Òfin yẹn ò sọ pé ó di dandan kí imú náà ti dá ṣáṣá tẹ́lẹ̀.

Tí ẹnikẹ́ni bá rò pé owó eruku máa ń parẹ́ tí wọn ò bá san án, kó wo àwọn awakùsà èédú ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń wa èédú fún ìjọba wọn, tí wọ́n ń hú ikọ́ dúdú, tí wọ́n ń sọ fún wọn pé sìgá ni. Ní 1998, ilé ẹjọ́ gíga ibẹ̀ dájọ́ pé British Coal jẹ̀bi, pé eruku èédú ló bàjẹ́ ẹ̀dọ̀fóró wọn, wọn ò sì ṣe tó láti dín eruku yẹn kù. Ìjọba wá ṣètò owó gbà-má-bìínú. Àwọn tó béèrè lé ní 500,000. Owó tí wọ́n san lé ní bílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn. Púpọ̀ nínú awakùsà náà ti kú kó tó dé ọwọ́ wọn, opó àti ọmọ ló gbà á.

Ẹ tún wo Gúúsù Áfíríkà. Ní 2018, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń wa góòlù gbà láti ya bílíọ̀nù márùn-ún rand sọ́tọ̀ fún àwọn awakùsà tí eruku òkúta bàjẹ́ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ó gba ẹjọ́ ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó gbà. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku ì bá ti dín owó yẹn kù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé gbèsè wọn ni wọ́n gbé pamọ́, gbèsè náà sì ń bí sí i nínú òkùnkùn.

Nítorí náà, ohun tí mo rò pé ó yẹ ká ṣe rèé.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́: ẹ dáwó NSITF yín, ẹ sì lẹ ìwé ẹ̀rí ẹ̀ mọ́ ara ògiri níbi tí òṣìṣẹ́ ti lè rí i. Ẹ gbá ilẹ̀ pẹ̀lú omi, kì í ṣe ìgbálẹ̀ gbígbẹ. Ẹ sún jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́yìn fèrèsé. Ẹni tí fúláwà tàbí eruku igi ò bá bá lára mu, ẹ wá iṣẹ́ míì fún un nínú ọgbà yín kẹ́ ẹ tó ní kó máa lọ ilé. Ìbòmú dára, àmọ́ òun ló yẹ kó kẹ́yìn. Eruku ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú.

HR: ẹ yé lo inhaler bí ẹ̀rí láti fi lé èèyàn. Láti oṣù Kíní ọdún 2019 ni òfin tó de yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ ti wà ní Nàìjíríà, ó sì kan ẹni tó ní àìlera ọlọ́jọ́ pípẹ́. Kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn nìkan ni òfin yẹn ń sọ.

Ìjọba: ọjọ́ méjìlá yẹn ò tó. Ẹ tún òfin náà ṣe, kẹ́ ẹ sì fi ìyàtọ̀ sí àárín ẹni tí ibà mú ní ọ̀sẹ̀ kan àti ẹni tí àìsàn rẹ̀ ò ní lọ láéláé. Ní 2022 lẹ sọ ọ́ di òfin pé kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera. Ó dáa. Ẹ wá rí i dájú pé inhaler ìtọ́jú wà nínú ohun tí adójútòfò yẹn ń san, kì í ṣe aláwọ̀ búlúù nìkan.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́: mo mọ̀ pé owó oṣù lẹ máa ń jà fún, ẹ sì jàre. Ẹ fi afẹ́fẹ́ kún un. Òṣìṣẹ́ tí ò lè mí ò lè ná ẹ̀kúnwó tẹ́ ẹ bá gbà.

Ìwọ tó ń kà á, tó o sì ń wúkọ́: ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Kọ ọjọ́ tí àyà há ẹ sílẹ̀, kọ ibi tó o wà, kọ ohun tó ò ń ṣe. Sọ fún dókítà irú iṣẹ́ tó ò ń ṣe kódà tí kò bá béèrè. Fi ìwé tó ọ̀gá létí, má fẹnu lásán sọ ọ́, kó o sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Má dúró de fóònù ẹnikẹ́ni.

Owó èémí, ó di dandan kí ẹnì kan san án. Báyìí, ẹni tó ní kọ́bọ̀ jù lọ́wọ́ ń sinmi, ẹni tí ò ní ló ń san án: ó ń fi owó ilé ìwé ọmọ san án, ó ń fi oorun san án, àwọn míì sì ti fi ẹ̀mí san án. Mo ní kí a pín in bó ṣe yẹ. Kò ju ìyẹn lọ.

Ní àárọ̀ ọ̀la, tẹ́ ẹ bá dé ibi iṣẹ́, ẹ bi HR yín ní ìbéèrè kan péré: "Ṣé a ń dáwó sí NSITF?" Ohunkóhun tí wọ́n bá fi dá yín lóhùn, ẹ wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí. Ẹ má dárúkọ ilé iṣẹ́ yín o, èsì nìkan. Mo fẹ́ ká jọ mọ iye wa tí wọ́n máa dá lóhùn pé, "Kí nìyẹn?"